Onífèrè àti Onílù inú Àwòrán Alátàdáwà Kan

Àwòrán kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ni ó yà á fún mi. Gègé àti tàdáwà dúdú ni ó fi yà á sórí tákàdá funfun. Kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ẹni tí ó yà ni John Birks Gillespie, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dizzy, onífèrè jáàsì tí a bí ní ìlú Cheraw, ní South Carolina, ní ọdún 1917, tí ó sì kú ní 1993. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tí ń ké ní àkókò òjò. Ẹnu fèrè rẹ̀ kò kọjú síwájú. Òkè ni ó kọjú sí. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin kejì jókòó ti ìlù kóńgà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà ti bu omi la tàdáwà kí ó tó ya ẹni yìí, tí ó fi jẹ́ pé bí òjìji ni ó rí. Kò ní ojú, kò ní ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó hàn.

Mo béèrè pé ta ni onílù náà. Ó ní, "Onílù kan ṣáá ni, sà. Wọ́n ní ará Kúbà kan bá a lu ìlù rí."

Àwòrán náà wù mí púpọ̀, àmọ́ òpìtàn ni mí, n kò sì lè wò ó kí n má rí àṣìṣe inú rẹ̀. Fèrè Gillespie kò tẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, nígbà tí ẹnì kan ṣubú lù ú níbi àríyá kan ní New York. Gillespie fun ún bẹ́ẹ̀, ó rí i pé òun ń gbọ́ ohùn ara òun dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ní kí wọ́n máa rọ irú rẹ̀ fún òun. Ará Kúbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbúròó rẹ̀ ti kú láti 1948. Fèrè títẹ̀ yẹn àti ọwọ́ méjì wọ̀nyí kò pàdé láyé.

Luciano Pozo González ni orúkọ rẹ̀. Chano Pozo ni wọ́n ń pè é. Havana ni a bí i sí ní 1915. Ó ń lu ìlù, ó ń jó, ó sì ń dá orin tí àwọn ará Kúbà fẹ́ràn kí ó tó rékọjá sí New York. Mario Bauzá, tí òun náà jẹ́ ọmọ Havana, ni ó mú un mọ Gillespie. Bauzá àti Gillespie ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin Cab Calloway láti 1939, ibẹ̀ ni Bauzá sì ti ń là á lóye nípa ìlù ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, Gillespie gbé Pozo jáde ní Carnegie Hall.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn kí a kàn gbé ìlù kún fèrè ni. Nínú bebop, tí Gillespie àti Charlie Parker wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, onílù a máa yí ọwọ́ padà bí ó ti wù ú láti dá onífèrè lóhùn. Ti Kúbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀, gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n ń pè ní clave, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti agogo nínú ìlù tiwa. Gillespie fúnra rẹ̀ ròyìn pé ibi tí òun gbà pé orin ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni Pozo gbà. Pozo kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan, Gillespie kò gbọ́ Spéènì. Inú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, ni Pozo ti ń pín ìlù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń fún oníkálukú ní ọwọ́ tí yóò máa lù, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni orin "Manteca". Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Spéènì. Pozo kò lè kọ orin sílẹ̀. Ẹnu ni ó fi kọ ohun tí olóhùn ìsàlẹ̀ yóò ṣe, àti ti àwọn onísasofóònù, àti ti àwọn onífèrè, ìpele lórí ìpele. Gillespie rí i pé bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kan ni orin náà yóò dúró sí, ó sì dá apá àárín kan tí ohùn rẹ̀ ń rìn bí ti jáàsì. Gil Fuller ni ó to gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Orúkọ ènìyàn mẹ́ta ni ó wà lórí orin yìí.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ RCA Victor. Ìkánjú wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1948, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba orin sínú àwo mọ́. Òfin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún náà tán. Kí wọ́n tó gbé e kúrò, wọ́n yìnbọn pa Pozo ní ilé ọtí kan ní Harlem, ní oṣù kejìlá ọdún 1948. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba orin oṣù kan ṣoṣo ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní nínú iṣẹ́ òun àti ẹgbẹ́ ńlá Gillespie. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó kọ́kọ́ bu omi la tàdáwà rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń retí: kí n sọ pé orin wa ni. N kò ní sọ ọ́ tán pátá. Ìdílé kóńgà ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kóńgò wá. Ẹgbẹ́ awo Abakuá tí Pozo wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Èfìk ti Calabar àti àwọn aládùúgbò wọn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ìpín tiwa, ti àwọn tí Kúbà ń pè ní Lùkùmí, ni òrìṣà àti bàtá. Ṣàngó ni wọ́n ń bọ lábẹ́ orúkọ Santa Bárbara, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Àwọn kan sì ń sọ pé ẹni tí ó jẹ gbèsè òrìṣà ni ó kú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọdún náà. Èmi kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí tí mo ní nìyí. Ní 1740, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Stono, àwọn aṣòfin South Carolina fi òfin de ìlù, wọ́n sì fi de fèrè pẹ̀lú, kí ẹrú má baà fi pe ara wọn jọ. Ní Kúbà, ìjọba fi àyè gba ẹgbẹ́ àwọn ẹrú àti àwọn òmìnira, oríṣìí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, ìlù sì yè níbẹ̀. Ọmọ South Carolina ni Gillespie. Nígbà tí òun àti Pozo jókòó pọ̀ ní 1947, ọmọ ilé tí wọ́n ti gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pàdé ọmọ ilé tí wọn kò gbà á. Àwọn oníròyìn wá orúkọ fún un: Cubop, jáàsì Kúbà, orin àdàlù. Èmi kò rí àdàlù kankan níbẹ̀. Ó ṣe ọgbọ̀n ọdún kí Gillespie tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kúbà, ní 1977. Ní 1989 ni wọ́n fi í joyè ní Nàìjíríà níbí.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó bi mí bóyá kí òun tún fèrè ṣe kí ó lè tọ́. Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n sà, bí ó bá tọ́, ta ni yóò mọ̀ pé Gillespie ni?" Mo ní kí ó fi fèrè sílẹ̀. Mo yá a ní fọ́tò Pozo kan, ó sì mú àwòrán náà lọ. Nígbà tí ó gbé e padà, tàdáwà tí kò lómi ni ó fi ya onílù náà ní ọ̀tun. Ó ti ní ojú, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ bí ẹni tí ń lé orin. Fèrè ṣì tẹ̀.