Òkun Dé Gombe Rí
Tá a bá ń sọ ìtàn ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ Odùduwà la ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bitumen tó ń sun jáde ní Agbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, inú yanrìn ayé àwọn dinosaur ló wà.

Láyé yẹn náà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 93 ọdún sẹ́yìn, òkun ya wọlé dé Gombe. Ta ni ẹlẹ́rìí? Vascoceras ni: ẹran òkun tí karawun rẹ̀ ká bíi ti ìgbín, àmọ́ tó jẹ́ ìbátan squid. Ó ti kú run. Òkúta Potogí ni Choffat ti rí i tó fi sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1898. Irú rẹ̀ tún wà nínú òkúta Gombe. Ẹran òkun kì í fẹsẹ̀ rìn kọjá aṣálẹ̀.

Òkúta yìí náà ni wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ashaka. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn ara rẹ̀ kó tó di bulọ́ọ̀kù.