Aró Títàn àti Wíwọn Kíkan Inú Sẹ́ẹ̀lì: Ìtàn Ìlànà Kan, 1871 sí 1982

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọjọ́ tí a rí aró tí ń tàn ni a ti rí ọ̀nà àtiwọn kíkan inú sẹ́ẹ̀lì. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Adolf von Baeyer ti ṣe fluorescein ní ọdún 1871, S. P. L. Sørensen sì gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀ ní Copenhagen ní ọdún 1909. Síbẹ̀, ó di ọdún 1978 kí a tó fi aró yìí wọn pH lysosome nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè. Kí ni ó fa ìdádúró náà?

Ìṣòro méjì ni a rí. Èkíní ni bí aró yóò ṣe dé ibi tí a fẹ́. Èkejì ni pé bí kíkan bá pọ̀, ìmọ́lẹ̀ fluorescein a dínkù. Bí aró fúnra rẹ̀ bá sì kéré, bákan náà ni yóò rí. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo dà bí ẹlẹ́rìí kan: a kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dájọ́.

Shoji Ohkuma àti Brian Poole ni ó tú kókó yìí. Wọ́n so fluorescein mọ́ dextran, sẹ́ẹ̀lì macrophage eku sì gbé e mì títí ó fi dé lysosome. Wọ́n wá fi ìmọ́lẹ̀ méjì, ti 495 àti ti 450 nánómítà, ru aró náà sókè, wọ́n sì fi èsì èkíní wé ti èkejì. Iye aró kò yí ìdá yìí padà. Kíkan ni ó ń yí i. pH tí wọ́n rí jẹ́ 4.7 sí 4.8. Nígbà tí wọ́n fi chloroquine sí i, oògùn ibà tí àwọn òbí wa mọ̀ dáradára, pH náà lọ sókè, èyí ni pé kíkan dínkù.

Ní ọdún 1979, J. A. Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo nigericin láti mú pH inú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba pẹ̀lú ti òde, kí ìmọ́lẹ̀ lè ní òṣùwọ̀n tí a mọ̀. Ní ọdún 1982, Rink, Tsien àti Pozzan gbé BCECF jáde. Aró yìí kì í tètè jò kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ sì mú jù lọ ní itòsí pH 7, níbi tí omi inú sẹ́ẹ̀lì wà.

Ní ìparí, ó hàn pé kì í ṣe títàn aró ni ó ṣí ọ̀nà yìí. Ìfiwéra ni.