Òní Ló Pé Ọgbọ̀n Ọjọ́

Fóònù mi rántí ọjọ́ yẹn jù mí lọ. Nínú ìpè, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tó wà lórí rẹ̀ ni mo ti ṣa wákàtí ọjọ́ náà jọ. Mọ́ńdè ni, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ní Lọ́ńdọ̀nù.

6:10 àárọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Peckham nígbà tí àbúrò mi pè. Abbey Wood ló ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe, ilé mẹ́fà láàárọ̀, ilé mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Torí kó lè dé gbogbo wọn lásìkò ló ṣe ra mọ́tò.

"Bùọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Mọ́tò yìí tún ti ṣe é o."

"Kí ló ṣe?"

"Mò ń gun òkè Knee Hill, mo tẹ iná, ẹ́ńjìnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Ìgbà tó yá ló já wọ jíà, gbì! Díẹ̀ ló kù kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbá mi."

Ìgbà kẹta rèé. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní òtútù ló fà á. Nígbà kejì, ó da òróró àdúrà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo bi í pé ọjọ́ wo gan-an ló gbé mọ́tò kúrò lọ́wọ́ díílà. Ó ní Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò nílùú yìí, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àlòkù, òfin tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act 2015 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀. Wọn kì í ka ọjọ́ tí a gbé ọjà mọ́ ọn. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ni ọjọ́ kìíní. Mo kà á títí oṣù fi parí, ó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo fi mẹ́ta kún un.

Oorun dá lójú mi.

7:25 àárọ̀

Ó fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́. £4,850. Wọ́n fi òǹtẹ̀ pupa lù ú lórí: "Sold as seen. No refunds." Bí o ṣe rí i lo rà á, owó ò sì ní padà. Òǹtẹ̀ yìí ló ti dẹ́rù bà á láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó rò pé òun ti fọwọ́ ara òun tìlẹ̀kùn.

Òǹtẹ̀ lásán ni. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé oníṣòwò ò lè fi ìwé tàbí àkọlé bọ́ nínú ojúṣe rẹ̀ fún ẹni tó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ aládùúgbò tó ń ta mọ́tò ara rẹ̀ ló ti rà á, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Níbẹ̀, kí mọ́tò ṣáà jẹ́ ohun tí ẹni náà pè é, kó sì jẹ́ tirẹ̀ láti tà, ìyókù dọwọ́ ojú olùrà. Ìdí rèé tí àwọn díílà kan fi ń gbé mọ́tò síwájú ilé, tí wọ́n á ní ti ìyàwó àwọn ni.

Nílé, tókunbọ̀ là bá pe irú mọ́tò yìí. Èyí ò tíì rí òkun, ṣùgbọ́n ojú tókunbọ̀ ni àbúrò mi fi rà á, bí ẹni tó wà lọ́jà mọ́tò Berger ní Èkó: ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, ó ta tàyà nípàá, ó ná an títí wọ́n fi yọ igba pọ́n-ùn, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ohun tó bá kù, mẹkáníìkì á parí rẹ̀.

Ohun kan dùn mọ́ mi nínú rìsíìtì náà. £500 tó kọ́kọ́ san sílẹ̀, káàdì kírẹ́díìtì ló fi san án. Bí iye ọjà bá ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000 lọ, ìpín 75 nínú Consumer Credit Act 1974 so báńkì tó ni káàdì náà mọ́ díílà lọ́rùn, lórí gbogbo owó mọ́tò, kì í ṣe lórí £500 nìkan. Káàdì tó ń fa owó ẹni jáde tààrà nínú àkáǹtì ò ní agbára yẹn.

9:40 àárọ̀

Abẹ́ afárá rélùwéè kan ni mẹkáníìkì wa ti ń ṣiṣẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tó kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó wa mọ́tò náà yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mejì, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e sókè, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣe é," àbúrò mi ní. "Ẹ ṣáà sọ iye tó jẹ́. Mo níṣẹ́ nírọ̀lẹ́."

Bàbá nu ọwọ́. "Mi ò ní ṣe é. Bí mo bá fi sípánà kan jíà yìí, ta ló máa gbà mọ́ pé bó ṣe wà rèé nígbà tí wọ́n tà á fún ọ? Wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo ti mọ bàbá yìí fún ọdún mọ́kànlá, n ò rí i kó lé iṣẹ́ lọ rí. Ṣùgbọ́n òun ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Bí ènìyàn bá ní kí díílà tún ọkọ̀ ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, tí àbùkù náà sì hàn láàárín oṣù mẹ́fà, òfin á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Díílà ni yóò wá ẹ̀rí pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá a padà pátápátá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ò rí àǹfààní yẹn jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi hàn pé àbùkù ti wà níbẹ̀ kó tó gbé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọgbọ̀n ọjọ́ yangàn ni kò mọ èyí.

Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì hàn wá. Epo ti jò lábẹ́ jíà, eruku sì ti dì mọ́ ọn títí ó fi le bí èèpo igi. "Èyí kì í ṣe epo oṣù kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn."

"Wọ́n ní MOT rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde," àbúrò mi sọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Àyẹ̀wò MOT ń wo bíréèkì, iná, tàyà, èéfín àti irú wọn. Kò kan bí ẹ́ńjìnì tàbí jíà ṣe lera tó. Mọ́tò lè yege níbẹ̀ láàárọ̀, kí jíà rẹ̀ kú lọ́sàn-án.

Ó ya fọ́tò mẹ́sàn-án, ó kọ àbọ̀ rẹ̀ sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ iye máìlì tó wà lórí mọ́tò sí i, ó fọwọ́ sí i. Ó gba £40.

11:15 àárọ̀

A pe díílà. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ẹ má ṣèyọnu, ẹ mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ á bá yín wò ó. Àbúrò mi ti ń dúpẹ́ kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtúnṣe kì í ṣe nǹkan burúkú. Bí ènìyàn bá gbà á, ọjọ́ á dúró títí wọn ó fi ṣe é tán. Bí kò bá sì dáa, ó ṣì lè dá mọ́tò padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bó bá dá a padà, díílà lè yọ owó ìlò kúrò nínú owó rẹ̀, àní láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọn kì í ti í yọ owó lórí ọjà mìíràn. Mọ́tò nìkan ni òfin yọ sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" tí kò sí nínú ìwé kankan, tí wọ́n sọ ní ọjọ́ ọgbọ̀n gan-an, èmi ò lè pè é ní àtúnṣe.

1:30 ọ̀sán

Ibí yìí la ti pẹ́ jù. Mo ní kó kọ lẹ́tà tí a ó fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ ní ìlà mẹ́tàlá. Ó kí díílà, ó kí ìdílé rẹ̀, ó ní òun gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó ṣàlàyé ipò òun, ọmọ méjì, àwọn arúgbó tó ń dúró de òun. Ní ìlà kẹsàn-án ló dé orí jíà. Ó parí rẹ̀ pé òun á dúpẹ́ bí wọ́n bá lè fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ òun.

"Níbo lo ti sọ pé o ò fẹ́ mọ́tò mọ́?"

Ó tún un kà. "Á yé wọn."

Kò ní yé wọn. Ohun tí òfin ń bèèrè ò pọ̀: kí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe ẹni hàn kedere fún oníṣòwò pé a ti kọ ọjà náà. Àwa náà mọ ọjà kọ̀, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní kíkọ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ rò ó wá," "ẹ bá mi wò ó," àwa la mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó sídìí káńtà díílà náà á gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà mẹ́tàlá yẹn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá.

A pa á rẹ́. Ìlà mẹ́rin ló kù: Mo ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹwàá. Jíà rẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó gbé e, àbọ̀ mẹkáníìkì nìyí. Mo kọ ọkọ̀ náà lábẹ́ Consumer Rights Act 2015. Ẹ dá £4,850 mi padà.

"Bùọ̀dá, ṣé kò le jù?"

"Ó le."

Ó fi "Ẹ ṣé" sí ìsàlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

3:05 ọ̀sán

Ímeèlì lọ. A tẹ ẹ̀dà kan, a gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹni tó bá gbà á lè fọwọ́ sí i. A ya fọ́tò ojú máìlì. Mo wá sọ èyí tó bí i nínú jù fún un: mọ́tò tí o ti kọ̀, o ò gbọdọ̀ wà á kiri mọ́. Ẹni tó ní òun kọ nǹkan, tó tún ń fi í ṣiṣẹ́, á fún díílà lọ́rọ̀ sọ.

4:40 ìrọ̀lẹ́

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Díílà ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ò gbé e. Mo kọ ọ́ sí i pé kó kọ̀wé. Àbúrò mi ń sá bọ́ọ̀sì láti ilé kan sí èkejì, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Mo ti pẹ́." "Mo tún ti pẹ́." "Màmá yìí ò fẹ́ jẹun títí mo fi dé."

9:50 alẹ́

Èsì díílà wọlé. Kò ní àwọn gbà, kò sì ní àwọn ò gbà. Ó ní kí àbúrò mi gbé mọ́tò wá ní Wẹ́sìdé, kó mú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, dání, àti kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Ọjọ́ tí díílà bá gbà pé owó náà tọ́ sí àbúrò mi ni ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ní láti fi san án á tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, báńkì wà níbẹ̀; bó bá sì di ti kóòtù, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké ní England ń gbọ́ ẹjọ́ owó tó tó £10,000.

Mo fi èsì náà ránṣẹ́ sí i. Orí bọ́ọ̀sì ló wà, ó ń padà sílé. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Bùọ̀dá, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì kẹ̀? Ẹyọ kan ni wọ́n fún mi."