Àbójútó Dátábéèsì: Ìṣòro Tó Wọ́pọ̀ àti Ọ̀nà Àtúnṣe

Alábòójútó dátábéèsì ni òṣìṣẹ́ tó ń rí sí i pé dátà iléeṣẹ́ wà ní pípé, pé ọwọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ń tó o lásìkò, àti pé ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ kò rí i. Edgar F. Codd, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ló kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1970 pé kí a máa to dátà sínú tábìlì tó bá ara wọn tan. Lórí èrò yẹn ni Oracle, MySQL, PostgreSQL àti ọ̀pọ̀ mìíràn dúró lé. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn tó ń ṣe wọ́n jọra. Èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn náà ti máa ń wà nílẹ̀ tipẹ́ kí iṣẹ́ tó dúró. Ẹni tí kò yẹ nǹkan wò ni ó ń bá lójijì.

Ẹ̀dà àfipamọ́ ló fi èyí hàn jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2017, ní GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, sáfà kejì tó yẹ kó máa tẹ̀lé sáfà àkọ́kọ́ já sẹ́yìn. Ẹnjinníà kan fẹ́ pa fódà dátà sáfà kejì rẹ́ kó lè tún un bẹ̀rẹ̀. Àṣé orí sáfà àkọ́kọ́ ló wà. Kó tó fura, kó sì dá àṣẹ náà dúró, gígábáìtì 4.5 péré ló ṣẹ́ kù nínú nǹkan bí 300.

Wọ́n wá ẹ̀dà àfipamọ́ lọ. Èyí tó yẹ kí pg_dump, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì PostgreSQL, ṣe kò sí níbẹ̀ rárá: irinṣẹ́ ẹ̀yà 9.2 ni wọ́n ń lò sórí dátábéèsì ẹ̀yà 9.6, gbogbo ìgbà ló sì ń kùnà. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò wọlé, torí kò ní ìbuwọ́lù tí ibi tó ń lọ ń béèrè. Àwòrán dísìkì tí Azure, tí wọ́n yá sáfà lọ́wọ́ rẹ̀, lè máa yà, ẹnikẹ́ni ò tan án fún sáfà dátábéèsì. Ohun tó yọ wọ́n ni àwòrán dísìkì kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí ibi ìdánwò. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ sínú dátábéèsì láàárín wákàtí mẹ́fà náà sì lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń ka ìtàn yìí tán tí wọ́n ń di ẹ̀bi ru ẹni tó tẹ àṣẹ. Ẹ̀bi náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà ìfipamọ́ tó kú ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tí yíyẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà tó wúlò ni kí ẹ̀rọ máa dá ẹ̀dà padà sórí sáfà mìíràn fúnra rẹ̀, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ó kéré tán, kí ó ka iye ìlà inú tábìlì tó ṣe pàtàkì, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ náà gbọ́dọ̀ dún nígbà tí ìròyìn àṣeyọrí kò bá dé, kì í ṣe ìgbà tí ìròyìn ìkùnà bá dé nìkan. Kí àwọ̀ ojú ìwé àṣẹ sáfà gidi yàtọ̀ sí ti ibi ìdánwò. Bí a bá fẹ́ kó fódà kúrò, ká yí orúkọ rẹ̀ padà ná. Pípa á rẹ́ lè dúró di ọ̀la. Sáfà àtẹ̀lé kì í sì í ṣe ẹ̀dà àfipamọ́: bí àṣẹ DROP TABLE tó ń pa tábìlì rẹ́ bá ṣẹlẹ̀ lórí àkọ́kọ́, kíá ló ti dé orí ìkejì.

Dísìkì tó kún ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́ jù. Nínú PostgreSQL, fódà kan wà tó ń jẹ́ pg_xlog tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn jọ ti fáìlì ìròyìn lásán, àwọn kan sì ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà gan-an ni dátábéèsì fi ń tún ara rẹ̀ tò lẹ́yìn tí iná bá lọ lójijì. Nígbà tí ẹ̀yà 10 jáde ní 2017, wọ́n sọ ọ́ di pg_wal. Bí fódà yìí bá ń wú, ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sáfà àtẹ̀lé kan tí a ti pa tì, tí àyè ìdúródè rẹ̀ (replication slot) ṣì wà nílẹ̀, tàbí àṣẹ ìkópamọ́ tó ń kùnà. Ẹ wá ìdí náà, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì. Ti Oracle jọ ọ́: bí àṣìṣe ORA-00257 bá yọjú, RMAN, irinṣẹ́ ìfipamọ́ Oracle, ni ká fi pa àwọn fáìlì tó ti ní ẹ̀dà rẹ́, torí bí a bá fọwọ́ pa wọ́n, Oracle ṣì ń kà wọ́n mọ́ àyè tó ti lò. Àwọn àgbà iṣẹ́ kan máa ń fi fáìlì òfìfo gígábáìtì díẹ̀ sórí dísìkì, kí wọ́n lè rí nǹkan pa rẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Bí wọ́n bá ní dátábéèsì ń falẹ̀, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí ó ń dúró de nǹkan. pg_stat_activity nínú PostgreSQL, SHOW PROCESSLIST nínú MySQL àti V$SESSION nínú Oracle ló ń sọ èyí. Ẹni tí a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀ ni ètò kan tó ṣí ìdúnàádúrà (transaction), tó sì gbàgbé láti parí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá nílò ìlà tó tì pa yóò tò sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀, àṣẹ EXPLAIN, tó ń fi bí dátábéèsì ṣe fẹ́ dáhùn ìbéèrè hàn, ni ká lò. Ẹ ṣọ́ra fún EXPLAIN ANALYZE o: ó ń ṣe àṣẹ náà ní ti gidi, DELETE tí a bá fi sábẹ́ rẹ̀ yóò pa dátà rẹ́ àfi bí a bá fi BEGIN àti ROLLBACK yí i ká. Ìwé ìròyìn ìbéèrè tó falẹ̀ nínú MySQL kì í ka ohun tí kò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, bí a kò bá yí i padà. Ìbéèrè kúkúrú tó ń wáyé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kò sì ní hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lè jẹ́ olè.

PostgreSQL tún ní àìsàn kan tó jẹ́ tirẹ̀. Bíìtì 32 ló fi ń ṣe nọ́ńbà ìdúnàádúrà, nítorí náà bí nǹkan bí bílíọ̀nù 2 bá kọjá tí àṣẹ ìmọ́tótó VACUUM kò tíì ya àwọn ìlà àtijọ́ sọ́tọ̀, yóò kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ tuntun. Ó dá iléeṣẹ́ Sentry dúró ní 2015, ó sì bá Mandrill, tó ń bá iléeṣẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́, ní 2019. Ẹni tó bá ń wo age(datfrozenxid) lóòrèkóòrè yóò rí i bọ̀ láti òkèèrè.

Fún àwa tó ń tọ́jú orúkọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ lẹ́tà kì í ṣe eré. MySQL fi latin1, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan, ṣe àdámọ́ títí di ẹ̀yà 8.0 ní 2018. Latin1 mọ «é», kò mọ «ọ», nítorí náà Adébọ̀wálé lè di Adéb??wálé, ohun tó sì ti di àmì ìbéèrè kò ṣeé dá padà. Utf8mb4 ló yẹ ní gbogbo ìgbà. Ó tún ku ibì kan: «ẹ́» kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè kọ ọ́ pẹ̀lú «ẹ» àti àmì òkè, ẹlòmíràn pẹ̀lú «é» àti àmì ìsàlẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n bí a bá wá ọ̀kan nínú PostgreSQL, a kò ní rí ìkejì. Láti ẹ̀yà 13 ni normalize() ti wà fún un, kí a sì lò ó nígbà tí dátà bá ń wọlé, kì í ṣe ìgbà tí oníbàárà bá ti fi ẹjọ́ sùn. Kí a sì ṣọ́ ìgbà tí a bá ń yí ẹ̀yà Linux padà: glibc 2.28 ti 2018, àkójọ ètò tí Linux gbára lé, yí ọ̀nà títo lẹ́tà padà, àtọ́ka orí ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ láìpariwo. Ìlà wà nínú tábìlì, ìwádìí kò rí i. REINDEX ni oògùn rẹ̀.

Bíbẹ́ sórí sáfà mìíràn láìròtẹ́lẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìsopọ̀ já fún ìṣẹ́jú-àáyá 43 ní GitHub, tó ń ṣe irú iṣẹ́ GitLab, ẹ̀rọ sì gbé ipò àkọ́kọ́ fún àwọn sáfà MySQL tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìlà-oòrùn, níbi tí sáfà àkọ́kọ́ wà tẹ́lẹ̀, ti gba àkọsílẹ̀ tí ìwọ̀-oòrùn kò ní. Ìwọ̀-oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀. Wọ́n yàn láti má ṣe sọ ìkankan nù, àtúnṣe náà sì gbà wọ́n ní wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11.