Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Ń Di Odindi: Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Ayé Àtijọ́ Ṣe Ń Tọ́jú Ọ̀rọ̀ Àṣẹ

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sinclair gbé kọ̀ǹpútà ZX81 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1981, báìtì 1,024 péré ni mẹ́mọ́rì tó bá a wá. Inú báìtì díẹ̀ yìí náà ni ètò tí èèyàn bá kọ, nọ́mbà tí ètò náà ń ṣírò, àti ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ yóò ti jọ pín ààyè. Fóònù tó kéré jù lọ lọ́wọ́ wa nínú ọgbà yìí fi ìlọ́po ìlọ́po jù ú lọ. Síbẹ̀, àwọn ọmọdé fi ẹ̀rọ náà kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò, wọ́n sì fi ṣe eré. Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú odó, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ọgbọ́n wo wá ni wọ́n dá tí ọbẹ̀ fi gba inú èèpo ẹ̀pà?

BASIC ni èdè tí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìgbà náà ń gbọ́. John Kemeny àti Thomas Kurtz ló ṣe é ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1964, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì náà lè lo kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwọn àṣẹ rẹ̀: PRINT, GOTO, INPUT, RETURN. Èyí rọrùn fún èèyàn, àmọ́ ó wọ́n fún ẹ̀rọ, nítorí pé báìtì kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. PRINT gba báìtì 5. Bí ètò kan bá lo PRINT nígbà 40, báìtì 200 ti lọ sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú 1,024, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú báìtì fúnra rẹ̀. Báìtì kan lè jẹ́ nọ́mbà èyíkéyìí láti 0 dé 255, bẹ́ẹ̀ 0 sí 127 nìkan ni ASCII lò fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́mbà àti àmì ìkọ̀wé. Ìdajì tó kù ṣófo. Lọ́dún 1975, Bill Gates, Paul Allen àti Monte Davidoff kọ BASIC fún Altair 8800, èyí tó gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju báìtì 4,096 lọ. Nínú BASIC wọn àti nínú àwọn tó ti ara rẹ̀ jáde, ìdajì òkè yìí ni wọ́n pín fún àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ. Lórí Commodore 64 ti ọdún 1982, END ni 128, FOR ni 129, NEXT ni 130, PRINT sì ni 153. Nọ́mbà báyìí ni wọ́n ń pè ní token.

Bí èèyàn bá tẹ ìlà kan tán, ẹ̀rọ á wo àtẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ROM rẹ̀, á yọ PRINT kúrò, á fi 153 sípò rẹ̀. Báìtì 200 wa á di 40. Bí èèyàn bá wá pàṣẹ LIST pé kí ẹ̀rọ fi ètò han òun, ẹ̀rọ á padà sí àtẹ náà, á sì kọ PRINT jáde ní kíkún. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ètò náà tún ń yára sí i, torí pé ẹ̀rọ kì í sípẹ́lì ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nọ́mbà náà ló ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ wà.

Wọ́n fún àtẹ ọ̀rọ̀ náà pàápàá pọ̀. Kò sí ààyè láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi 128 kún kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí: T, tó jẹ́ 84, á di 212. Èyí ló bí ọ̀nà àbùjá tí àwọn oní-Commodore fẹ́ràn, pé kí wọ́n tẹ P, kí wọ́n sì di SHIFT mú tẹ O, kó di POKE. SHIFT máa ń fi 128 kún lẹ́tà. Bí ẹ̀rọ bá ti rí i pé 128 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà méjèèjì, ó gbà pé òun ti dé òpin ọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n yìí ní gbèsè tirẹ̀. Ẹ̀rọ kì í wò bóyá inú ọ̀rọ̀ mìíràn ni àṣẹ fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá pe àpótí nọ́mbà rẹ̀ ní SCORE, OR tó wà nínú rẹ̀ á di àṣẹ, ẹ̀rọ á sì kọ̀. Bákan náà ni TOTAL, nítorí TO.

Sinclair gba ọ̀nà mìíràn. Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, bọ́tìnnì P nìkan ni èèyàn á tẹ̀ tí PRINT á fi jáde lódindi, nítorí náà ẹ̀rọ kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kankan. Àmọ́ lórí ZX Spectrum ti ọdún 1982, gbogbo nọ́mbà tí èèyàn bá kọ sínú ètò ló ń gbé báìtì 6 mìíràn pamọ́ sẹ́yìn. 0 lásán gba báìtì 7. Ni àwọn èèyàn bá ń kọ NOT PI dípò 0. PI kì í ṣe òdo, nítorí náà NOT á sọ ọ́ di òdo, token méjì sì ni, báìtì 2 péré.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí? Ẹ rántí ìdajì báìtì tó ṣófo. Ní ASCII, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn tiwa. Token àti àwòrán ló gba ìdajì òkè lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Lónìí, Unicode ti fún wa láyè, ṣùgbọ́n ní UTF-8, lẹ́tà ọ́ kan ṣoṣo ń gba báìtì 5: 3 fún ọ, 2 fún àmì orí rẹ̀. Iye tí PRINT ń gbà kí wọ́n tó fún un pọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé ká kúkú yọ àmì kúrò, kí ààyè lè wà, kó sì yá. Ẹ̀yin ará mi, ìyẹn kọ́ ni ohun tí àwọn ará ìgbà yẹn ṣe. Wọ́n gé PRINT kúrú nítorí pé àtẹ kan wà tó máa dá a padà láìdín ẹyọ lẹ́tà kan. Bí a bá yọ àmì lára ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko, gbogbo wọn á di oko, kò sì sí àtẹ nínú ROM kankan tó lè sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò lónìí, ẹ máa ṣún ààyè lò, ó dáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gé ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ààbọ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ohun tó máa sọ ọ́ di odindi ti wà nílẹ̀.