Kọ̀lọ́ńbáìtì Jọ́ọ̀sì àti Ìtàn Ohun-Èlò Relaxor

Bí atúnrédíòṣe ní Kútò, Abẹ́òkúta, bá tú rédíò, yóò bá àwọn kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ tí a fi amọ̀ sísun ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba iná mànàmáná dúró fún ìgbà díẹ̀. Ohun-èlò tí ó wà láàárín irin méjì inú kapásítọ̀ kì í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, òun ni ó ń pinnu bí iná tí yóò gbà ṣe máa pọ̀ tó. Ìtàn ọ̀kan nínú irú ohun-èlò bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn onímọ̀ rí barium titanate. Bí ìgbóná rẹ̀ bá tó nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára ìgbaná rẹ̀ a fò sókè lójijì. Ní àwọn ọdún 1950, G. A. Smolenskii àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leningrad, ìlú Rọ́ṣíà tí ń jẹ́ Saint Petersburg báyìí, rí òmíràn tí kò tẹ̀ lé ìlànà yìí. Òjé, magnesium, niobium àti oxygen ni ó para pọ̀ di ohun-èlò náà. Agbára ìgbaná tirẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá ṣe ń yára yí padà sí i, bẹ́ẹ̀ ni góńgó agbára yìí ń sún síbi tí ìgbóná ti pọ̀ jù. Relaxor ni a ń pe irú rẹ̀.

Ìdí ni pé magnesium àti niobium pín ipò kan náà láàárín ara wọn láìlétò, èyí tí ó fọ́ agbára iná inú rẹ̀ sí agbo wẹ́wẹ́. Ó dà bí òde àríyá tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pa agbo tirẹ̀, tí ó sì kọjú síbi tí ó wù ú. Òtútù a máa mú kí ẹsẹ̀ wọn wúwo; nítorí náà, ìlù tí ó bá yára ń fẹ́ ìgbóná púpọ̀ kí wọ́n tó lè bá a jó.

Ní ẹ̀wádún kan náà, Jọ́ọ̀sì ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú kọ̀lọ́ńbáìtì àgbáyé ti ń wá. Òkúta yìí ni a ń yọ niobium nínú rẹ̀. Àwọn awakùsà tánganran ti kọ́kọ́ ń dà á nù bí ìdọ̀tí. Láti 1952 sí 1955, Amẹ́ríkà san ìlọ́po méjì owó rẹ̀ láti kó o pamọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Brazil ti gba ipò iwájú.

Kì í ṣe pé òkúta Jọ́ọ̀sì ni wọ́n lò ní Leningrad ni kókó ọ̀rọ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ta òkúta gba owó ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó kọ́ ìwà òkúta ní ìmọ̀ tí kì í tán. Abẹ́òkúta ni a ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859. Èdè tí ó gbé ìròyìn nígbà náà lè gbé ìmọ̀ yìí dé kíláàsì, bí olùkọ́ bá fẹ́.