Ẹ̀sùn Oúnjẹ Títẹ̀mọ́lẹ̀: Awuyewuye Àwọn Lámèyítọ́ lórí Fíìmù Sedmikrásky

Bí eré àwàdà bá jáde, ohun tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń jiyàn lé lórí ni bóyá ó pani lẹ́rìn-ín. Ti Sedmikrásky, tí Věra Chytilová darí ní Czechoslovakia ní ọdún 1966, yàtọ̀. Oúnjẹ ni ó dá arukutu tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Marie ni olú ẹ̀dá-ìtàn inú eré náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ayé ti bàjẹ́, àwọn náà yóò bàjẹ́. Fàájì di iṣẹ́ wọn. Wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a tan àgbàlagbà ọkùnrin kí ó lè ra oúnjẹ fún wọn, wọn a sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀ ojú irin kí ó máa lọ. Níkẹyìn, wọ́n já wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n tẹ́ àsè ńlá sí. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ju ara wọn, wọ́n sì gun orí tábìlì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èrò pín sí. Èkínní ni ti àwọn òṣèlú. Ní ọdún 1967, Jaroslav Pružinec dìde nílé aṣòfin ní orúkọ aṣòfin 21, ó ní owó ìlú ni wọ́n fi ṣe irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti àwọn tí ọnà eré náà kò tẹ́ lọ́rùn. Bosley Crowther ti ìwé ìròyìn New York Times, tí kì í ṣe ọmọ ìjọba Kọ́múníìsì, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Lójú tirẹ̀, àṣejù pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìyapa náà kò tẹ̀ lé ààlà òṣèlú. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn olùyìn, tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Bergamo, ní Ítálì, ní 1967. Síbẹ̀, ohùn àwọn olùyìn pàápàá kò ṣọ̀kan: àwọn kan ka àwọn Marie sí àpẹẹrẹ ìwà ìbàjẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn sá fún, àwọn mìíràn kà wọ́n sí obìnrin tó kọ àjàgà ọkùnrin.

Fíìmù náà ti dá àwọn olùfisùn lóhùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àwòrán ogun ni ó fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó fi parí. Lórí àwókù ìlú ni ó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó jẹ́ pé sàláàdì tí ẹsẹ̀ tẹ̀ nìkan ni ó ń bí wọn nínú. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ ni ìlú tí bọ́ǹbù wó. Làpálàpá ni oúnjẹ tó dànù. Èyí tí àwọn aṣòfin rí ni wọ́n gbé dé ilé ìgbìmọ̀.

Ìdájọ́ náà ná Chytilová ní nǹkan. Lẹ́yìn fíìmù rẹ̀ ti 1970, kò rí fíìmù gígùn mìíràn ṣe títí di 1976. Ó kú ní 2014. Ní 2022, nígbà tí ìwé ìròyìn Sight and Sound gba èrò àwọn lámèyítọ́ àgbáyé jọ, ipò 28 ni Sedmikrásky wà nínú àwọn fíìmù tó dára jù lọ. Àsè náà kò yí padà. Ojú tí àwọn lámèyítọ́ fi ń wò ó ni ó yí padà.